Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Mẹ́ta
Nínú ìwé ìlànà PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni, ọ̀rọ̀ náà cluster dúró fún àpapọ̀ àwọn àkójọ tí ó wà lábẹ́ àbójútó kan. Àṣẹ CLUSTER ẹ̀wẹ̀ a máa tún ìlà inú àtẹ tò. Lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ṣì wọ́n mú lè rò pé ẹ̀dà ìsọfúnni òun wà lórí ẹ̀rọ mìíràn; bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo náà bá bàjẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní 2020, a fi àlàyé ọ̀rọ̀ kún ìwé náà fún ẹ̀dà 13. Ó dára, ṣùgbọ́n ojúlówó àtúnṣe ni kí ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ jálẹ̀ ìwé.