"Shall", "May", "Must": Àwọn Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Ń Náni Lówó

Nínú àwọn ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń mú wá lẹ́yìn ìpàdé pé kí a bá wọn kà, ọ̀rọ̀ gígùn tó le kọ́ ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ tó le yóò béèrè. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí gbogbo wa rò pé a ti mọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ká ṣọ́ra fún.

Ìdí rẹ̀ ni pé Yorùbá kì í pín ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí Òyìnbó ṣe ń pín wọn. "Lè" kan ṣoṣo la ní. "Mo lè wakọ̀", ìmọ̀ nìyẹn. "O lè máa lọ", ìyọ̀ǹda nìyẹn. "Òjò lè rọ̀", kò dájú nìyẹn. Àwa tí a ń sọ ọ́ mọ èyí tí à ń wí. Òyìnbó ní "can", "could", "may" àti "might" fún iṣẹ́ kan náà, àwọn pàápàá a sì máa dà wọ́n pọ̀ lẹ́nu. Nínú ìwé àdéhùn ni eré ti parí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù. "The tenant shall keep the premises in good repair." Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé "I shall, you will" ni a fi ń sọ ohun tí ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Òfin yẹn ti wà nínú ìwé gírámà tí John Wallis kọ ní 1653! Nítorí náà, àwọn kan ka gbólóhùn yìí bí ẹni pé ayálégbé yóò tún nǹkan ṣe tó bá yá. Rárá o. Dandan ni "shall" níbí, ọrùn yín sì ni àtúnṣe wà. Ọ̀rọ̀ náà ti da àwọn amòfin pàápàá láàmú débi pé nígbà tí Amẹ́ríkà tún òfin ìgbẹ́jọ́ àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn kọ ní 2007, wọ́n yọ "shall" kúrò. Ṣùgbọ́n ó ṣì kún inú ìwé àdéhùn ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí.

Ẹ wá wo "The landlord may carry out repairs." Onílé lè ṣe é, ó sì lè má ṣe é, ẹ kò lè fi "may" yẹn nìkan mú un. Àmọ́ bí ẹ bá rí "The tenant may not sublet", èyí kì í ṣe "ó lè má ṣe é". Kò gbọdọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ fi igun ṣọ́ọ̀bù háyà fún onídìrí, ẹ lọ wo ìwé yín. Ohun tó ń rúni lójú ni pé "may not" kan náà ni agbẹ́rù máa fi sọ fún yín pé "Your goods may not arrive before Christmas", tí kò sì sí èèwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó kàn ń sọ pé ẹrù lè pẹ́ ni.

Ní ti "must", ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan. Ilé iṣẹ́ Siemens Hearing Instruments yá ilé lọ́wọ́ Friends Life. Àdéhùn wọn gbà wọ́n láàyè láti kó jáde ṣáájú àsìkò, ṣùgbọ́n ó ní ìwé tí wọ́n bá kọ "must" sọ pé lábẹ́ abala 24(2) òfin onílé àti ayálégbé ti 1954 ni àwọn ti kọ ọ́. Wọ́n kọ ìwé. Gbólóhùn yẹn kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá wọn láre. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ́nù dá wọn lẹ́bi: "must" ni wọ́n kọ, "must" ló sì jẹ́, ìwé náà kò múlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní lọ́yà nìyẹn o.

Àwọn kan tún gbọ́ orúkọ VAT lásán, wọ́n sáré lọ forúkọ sílẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2024, bí ọjà tí VAT kàn tí ẹ tà láàárín oṣù 12 bá ju £90,000 lọ, ẹ "must" forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, "can" ni. Ẹ bá akáǹtáǹtì yín sọ̀rọ̀ ná. Ẹ̀yin onímọ́tò, nínú ìwé Highway Code, "MUST" onílẹ́tà ńlá ni òfin. "Should" jẹ́ ìmọ̀ràn, àmọ́ òfin ìrìnnà ti 1988 gbà kí wọ́n fi ìmọ̀ràn tí ẹ kò tẹ̀ lé yìí ta kò yín nílé ẹjọ́.

Tiwa náà wà níbẹ̀. Nílé, "We would deliver the food on Saturday" yé gbogbo èèyàn. Oníbàárà tó jẹ́ Òyìnbó gbọ́ "would", ó ń retí "if" tó máa tẹ̀ lé e, ó sì lè rò pé kò dá yín lójú. "We will" ni kí ẹ kọ. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé owó "should" wọlé ní Friday, ìrètí ló fún yín, ẹ má tíì ná an. "You might want to look at the invoice again" ń kọ́? Bí ìgbà tí ìyá wa bá wọlé tó ní "ilẹ̀ yìí mà dọ̀tí o" ni. Ọmọ tó gbọ́n á ti mú ìgbálẹ̀.

Bí lẹ́tà bá sọ pé ẹ "may have to pay a penalty", wọn kò tíì bu owó ìtanràn lé yín. Ẹ tètè fèsì kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ fi bírò yí gbogbo "shall", "must" àti "may" inú rẹ̀ ká, kí ẹ wo orúkọ ẹni tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà lè kọ́kọ́ béèrè ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Citizens Advice, ọ̀fẹ́ ni.