Ẹ̀kọ́ Fẹ́kítọ̀ àti Ìṣòro Akẹ́kọ̀ọ́

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ ìṣirò dunjú ní ilé-ìwé girama ni ẹsẹ̀ wọn máa ń kọ bí wọ́n bá dé ìdí ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní linear algebra ní yunifásítì. Kì í ṣe pé wọn kò lè ṣírò mọ́. Irú ìbéèrè tí a ń bi wọ́n ni ó yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, ‘Èló ni?’ ni ìbéèrè. Nísinsìnyí, a ní kí wọ́n fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀ nípa ohun tí ojú kò rí.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Bí ènìyàn bá rin ìṣísẹ̀ 3 sí ìlà-oòrùn àti 2 sí àríwá, tí ó sì tún rin 1 sí ìlà-oòrùn àti 4 sí àríwá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4 sí ìlà-oòrùn àti 6 sí àríwá. Bí a bá sì ro 3x + 2 pọ̀ mọ́ x + 4, 4x + 6 ni yóò jẹ́. Ìrìn yàtọ̀ sí x, ṣùgbọ́n ìwà wọn bá ara mu. Ohun tí ó bá ṣeé rò pọ̀ báyìí, tí ó sì ṣeé fi nọ́ńbà sọ di púpọ̀ lábẹ́ òfin mélòó kan, òun ni à ń pè ní fẹ́kítọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè pé, ‘Kí ni í ṣe gan-an?’ Ìdáhùn ni pé ìwà rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1844, Hermann Grassmann, olùkọ́ ilé-ìwé ní ìlú Stettin ní ilẹ̀ Prussia, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀. Ó ṣókùnkùn sí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì kà á. Ó tún un kọ ní 1862, síbẹ̀ wọn kò kọbi ara sí i. Ó wá yíjú sí èdè Sanskrit, níbi tí ó ti gba iyì. Ó kú ní 1877. Ní 1888 ni Giuseppe Peano, ará Ítálì, to àwọn òfin náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ohun tí ó gba àwọn àgbà ní ọdún 44, kò yẹ kí ojú ti ọmọ ilé-ìwé bí kò bá yé e láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí olùkọ́ fi àpẹẹrẹ ṣíwájú òfin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú dán òfin kọ̀ọ̀kan wò lára ohun tí ó mọ̀, kí ó sì wá ohun tí ó tàpá sí i: ìrìn tí a kò gbà kí ó padà sẹ́yìn, kò lè pé ní fẹ́kítọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.