Ẹgbẹ́ Arìnrìn-àjò inú Kọ̀ǹpútà: Ohun tí Títúmọ̀ Rẹ̀ sí Yorùbá Yóò Gbà

Lára àwọn eré orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní gémù, ọ̀wọ́ kan wà tí ó súnmọ́ ìtàn ọdẹ Yorùbá ju àwọn yòókù lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣeré náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni ó ń darí gba inú aginjù, ihò àpáta àti ìlú ahoro. Orí tábìlì ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà: ẹnì kan a máa ròyìn ibi tí ẹgbẹ́ dé, àwọn yòókù a sọ ohun tí wọn yóò ṣe, dáìsì a sì pinnu bóyá ó bọ́ sí i. Wizardry gbé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà wọ inú kọ̀ǹpútà ní 1981. Baldur's Gate, tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti Kánádà ṣe, tẹ̀lé e ní 1998.

Ìlànà tí ó gbé eré náà ró ni pé kò sí ẹni tí ó lè dá a ṣe. Jagunjagun wọ ẹ̀wù irin, ó lè gba ọgbẹ́ púpọ̀ kí ó tó ṣubú, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọfọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọfọ̀ lè fi gbólóhùn kan jó ọ̀tá mẹ́wàá. Síbẹ̀ ọfà kan lè gbẹ̀mí rẹ̀, iye ọfọ̀ tí ó lè pè sì níwọ̀n, àfi tí ó bá sùn kí ó tó tún lè pe òmíràn. Ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́rẹ́ ni ó ń tú pańpẹ́, ẹlẹ́sìn ni ó ń wo ọgbẹ́ sàn. Èyí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ọdẹ àjọṣe ní ilẹ̀ ọ̀dàn bí ti Ayétẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá dáná sun igbó, ẹni tí ó sọ iná, ẹni tí ó di ojú ọ̀nà ẹran, ẹni tí ó ni ajá àti ẹni tí ó gbé ìbọn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Bí ọ̀kan bá kùnà, ẹran lọ.

Ìtàn kíkọ pàápàá ti ní ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ọdún 36 ṣáájú eré orí tábìlì yẹn. Àkàrà-Oògùn dá ìrìn àkọ́kọ́ àti èkejì rìn. Ìgbà tí ọba rán an sí Òkè Láńgbòdó ni ó tó kó ẹgbẹ́ jọ. Kàkò ni oníkùmọ̀, Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ni olórin, Èfọ̀ìyẹ̀ ni tafàtafà, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹranko. Bí a bá ka Àràmàdà-òkùnrin àti Àkàrà-Oògùn mọ́ wọn, wọ́n di méje (iye ìlú tí ó wà nínú Ìbàràpá Méje náà nìyẹn). Kò sí ẹ̀rí pé àwọn ará Amẹ́ríkà rí ìwé náà kí wọ́n tó ṣe eré tiwọn, kò sì pọn dandan kí wọ́n rí i. Ìrònú kan náà ni: ohun tí ó dojú kọ ènìyàn nínú igbó pọ̀ ju ohun tí agbára kan ṣoṣo lè borí lọ.

Níbi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú ẹni kọ̀ọ̀kan. Òṣèré ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Kàkò ní tirẹ̀ ṣá ìyàwó rẹ̀ pa nígbà tí obìnrin náà kò jẹ́ kí ó lọ, òǹkàwé kò sì lè dá a dúró. Baldur's Gate gbìyànjú àtisúnmọ́ èyí: bí orúkọ olórí ẹgbẹ́ bá bàjẹ́ jù, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ènìyàn rere lè bínú kúrò. Ìyẹn ni ó mú kí ẹgbẹ́ náà dà bí ènìyàn ju bí ọmọ ayò lọ.

Láti 2014 ni Baldur's Gate ti wà lórí fóònù Android, nítorí náà ẹ̀rọ ńlá kọ́ ni ìdènà fún ọmọ Ayétẹ̀ tí ó bá fẹ́ ṣe é. Èdè ni. Ọ̀rọ̀ kíkà ni ó pọ̀ jù nínú eré náà, kò sì sí Yorùbá níbẹ̀. Aurion: Legacy of the Kori-Odan pàápàá, tí Kiro'o Games ṣe ní Yaoundé ní 2016 lórí ọmọ ọba kan àti aya rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wá ìtẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Ọmọ tí ó bá ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ yóò gbà pé ọfọ̀, iwin àti àǹjọ̀nú kò ní orúkọ gidi bí kò ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtumọ̀ náà kò ní rọrùn. Bí a bá pe onímọ̀ ọfọ̀ ní oṣó, a ti sọ ọ́ di ẹni ibi. Adáhunṣe sàn jù. Wọlé Ṣóyínká náà bá irú ìṣòro yìí pàdé ní 1968, nígbà tí ó túmọ̀ ìwé Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ní láti wá orúkọ fún irúnmalẹ̀. Arọ́pò-orúkọ tún ń bẹ. Yorùbá kò pín ọkùnrin àti obìnrin níyà nínú "ó", èyí sì gba atúmọ̀ lọ́wọ́ wàhálà, nítorí òṣèré ni ó ń yan akọ tàbí abo fún olórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n "o" àti "ẹ" kò ṣeé fojú fò. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ọba, ọ̀rẹ́ àti ọmọdé wí. Ní Yorùbá, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó lè kí olórí, atúmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó dàgbà jù, òṣèré kan sì lè yan ọ̀dọ́, kí òmíràn yan arúgbó. Gbólóhùn púpọ̀ ni a ó kọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èyí ni ti lẹ́tà: àpapọ̀ àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn tí ó wà lórí "ẹ́" tàbí "ọ̀" kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú ètò Unicode, àmì méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò lé ara wọn. Eré àtijọ́ tí a kò ṣe lẹ́tà rẹ̀ fún bẹ́ẹ̀ yóò gbé àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gbé e jù nù pátápátá, ọkọ̀ yóò sì di ọkọ lọ́wọ́ arìnrìn-àjò.