Òkè Obudu Lórí Kẹ̀kẹ́: Gígùn Rẹ̀ Le, Ṣùgbọ́n Sísọ̀ Rẹ̀ Ló Gba Ọgbọ́n

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti lọ ṣe ìsinmi ọdún lórí Òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Mọ́tò ló gbé púpọ̀ nínú wọn gòkè. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà. Ní báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré ìdárayá ń pọ̀ sí i ní àwọn ìlú ńlá wa, ohun mìíràn ni ọmọ ilé ń bi bàbá àti ìyá rẹ̀: “Ṣé mo lè gbé kẹ̀kẹ́ mi dání, kí n fi gun òkè náà?”

Ó lè gùn ún. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó sì ti fi oṣù mélòó kan múra sílẹ̀, lè fi kẹ̀kẹ́ dé orí òkè. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí òbí bi í padà ni pé: “Báwo lo ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀?” Gígùn máa ń gba okun lára èèyàn, sísọ̀kalẹ̀ ló lè gba ẹ̀mí.

Irú ọ̀nà wo ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ìlú Obudu ni òkè yìí wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Obanliku ló wà, lára àwọn òkè Sankwala, lápá ibi tí Nàìjíríà ti bá Kamẹrúùnù pààlà. Àwọn Becheve ni onílẹ̀ ibẹ̀. Ní 1951 ni àwọn òyìnbó ará Scotland dá a sílẹ̀ bí ibùdó tí wọ́n ti ń sin màlúù, nítorí pé òtútù orí òkè náà bá màlúù lára mu. Gíga rẹ̀ sí ojú òkun jẹ́ nǹkan bíi mítà 1,600.

Láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀, ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 11, kọ́nà 22 ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ tó ń dẹ́rù bani, Devil's Elbow, ìyẹn ìgúnpá Sátánì. Ní 2005 ni àwọn eléré ìje bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ sáré gun ọ̀nà yìí kan náà nínú ìdíje ńlá kan tó kó àwọn ará Kenya àti Ethiopia wá sí orílẹ̀-èdè wa.

Láàárín kìlómítà 11 yẹn, ẹ óò ga sókè ní nǹkan bíi mítà 870. Bí a bá pín in, ní gbogbo mítà 100 tí táyà bá yí lọ síwájú, ẹ ti gòkè ní nǹkan bíi mítà 8, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ẹ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tán, òmíràn tún ń dúró, wọ́n sì lé ní ọgọ́rùn-ún.

Bí a ṣe ń gùn ún

Ẹ má fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀. Jíà tó fúyẹ́ jù lọ ni kí ẹ fi ṣéènì sí kí ẹ tó dé ibi tó ga, nítorí pé yíyí jíà nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ lè já ṣéènì. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà kò yẹ fún ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ń rìn ní kìlómítà 8 ní wákàtí kan yóò lò tó wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, láìka ìsinmi. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, kí oòrùn tó mú, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

Bí ẹ bá ti ń gòkè, ẹ óò rí àwọn ibi tí ojú ti là gbooro. Ẹ bojú wẹ̀yìn níbẹ̀: ọ̀nà tí ẹ ti gbà kọjá lọ́ mọ́ ara òkè bí ejò, igbó ṣú dùdù nínú àfonífojì, òkè sì tò tẹ̀ léra wọn títí tí ojú kò fi rí òpin wọn mọ́. Púpọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀ máa ń ya fọ́tò, wọ́n a sì tẹ̀ síwájú. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àwọn ibi ìwòran wọ̀nyí sọ́kàn dáadáa, kó sì ka kọ́nà tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìdí ni pé nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, ibẹ̀ ni òun àti bíréèkì rẹ̀ yóò ti sinmi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bíréèkì

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìdáná ṣàpèjúwe. Ká ní èèyàn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọn kílò 85. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì nìkan ló ń dá wọn dúró láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ooru tí yóò jáde níbẹ̀ tó láti mú omi lítà 2 hó nínú ìkòkò. Òótọ́ ni pé atẹ́gùn ń bá bíréèkì gbà lára ẹrù náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọra ń bọ̀, tó ń tẹ bíréèkì láìjẹ́ kó sinmi, ń dá gbogbo iná yẹn jọ sójú kan ni. Rọ́bà bíréèkì a gbóná, agbára rẹ̀ a dín kù. Lára kẹ̀kẹ́ tí rọ́bà ti ń fún irin àgbá, ooru náà lè bẹ́ tíúbù. Ọwọ́ èèyàn pàápàá a kú tipiri, kò ní lè fún bíréèkì mọ́.

Nítorí náà, ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀. Ẹ lo bíréèkì iwájú àti tẹ̀yìn pọ̀: bí ẹ bá já tẹ̀yìn nìkan gbà, táyà lè yọ̀, bí ẹ bá sì ṣàdédé fún ti iwájú, ó lè da yín sórí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tú u, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn kọ́nà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dúró níbi ìwòran fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má dúró nínú kọ́nà, nítorí pé awakọ̀ tó ń bọ̀ kò lè rí yín. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kan irin bíréèkì, ó lè jó yín. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ yẹ rọ́bà bíréèkì, wáyà rẹ̀ àti táyà méjèèjì wò. Akoto kì í ṣe ohun tí a ń bá ọmọ dúnàá dúrà lé lórí. Ẹ mú súẹ́tà dání pẹ̀lú. Orí òkè máa ń tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, ìka tó bá sì ti gan fún òtútù kì í lè fún bíréèkì dáadáa.

Àsìkò wo ló dára?

Nígbà òjò, kùrukùru lè bo ọ̀nà débi tí ẹ kò ní rí bèbè, ọ̀dà á sì máa yọ̀. Nígbà ọyẹ́, ọ̀nà gbẹ, ṣùgbọ́n eruku lè bo gbogbo ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ lọ. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé, ni ojú máa ń là jù.

Ẹni tí kò tíì tó Obudu í gùn lè kọ́kọ́ dánra wò ní agbègbè Jos. Ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, ọ̀nà Jos sí Riyom sì ń gòkè, ó ń sọ̀, láìsí kọ́nà tó le tó ti Obudu. Àwọn àpáta Riyom tó to léra wọn wà nítòsí ọ̀nà náà. Ẹni tó bá sì ti gun Obudu láìsí wàhálà lè máa ro ti Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ọ̀nà Gembu ti gun òkè lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ewé tíì. Níbikíbi tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀ bí ààbò ojú ọ̀nà ṣe rí.

Ètò ìdílé

Ẹ jẹ́ kí àgbà kan tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ṣáájú nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì yà á sílẹ̀. Kí mọ́tò ìdílé máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú. Kí gbogbo yín ti fẹnu kò sí ibi tí ẹ óò ti dúró. Bí bíréèkì ọmọ kan bá ń dún, tàbí tó sọ pé ọwọ́ ń ro òun, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú mọ́tò, kí òun náà sì wọlé. Kì í ṣe ìtìjú. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè náà ti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ yẹn parí.