Ìròyìn Odò Kò Gbọdọ̀ Dúró De Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Òjò tó bá rọ̀ ní agbègbè Sokodé àti Tchamba nílẹ̀ Togo kì í dúró síbẹ̀. Odò Mono, tó ṣẹ̀ láàárín Sokodé àti ibodè Benin, ló ń gbé omi náà lọ sí gúúsù, títí dé ìsédò Nangbéto tó ti ń pèsè iná mànàmáná fún Togo àti Benin láti 1987, kó tó wá já sí òkun. Bí omi bá pọ̀ lókè, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ló ń jìyà rẹ̀. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé ìkún-omi 2010, Red Cross ilẹ̀ Togo ṣètò àwọn òpó tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ sétí odò. Àwọn olùyọ̀ǹda ń wo àwọ̀ tí omi bá dé, wọ́n sì ń fi fóònù sọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ FUNES dé, tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ìgbà tí omi yóò kún kọjá ààlà ní Nangbéto. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í rí òpó lóru dúdú, ètò kọ̀ǹpútà náà kò sì lè gbọ́n ju ìròyìn tí a fún un lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ ká ronú nípa ẹ̀rọ kékeré kan tó lè dúró lórí afárá ní agbègbè Tchamba tàbí Kambolé, tí yóò máa wọn omi tọ̀sán-tòru pẹ̀lú bátìrì àti sólà, tí yóò sì máa fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́. Ọ̀nà tí ìròyìn rẹ̀ yóò gbà lọ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọ̀nà méjì ni ìròyìn sábà máa ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. TCP ni èkíní. Kó tó gbé ọ̀rọ̀ kankan, ó ní láti fi ìsọfúnni kúkúrú mẹ́ta lọ bọ̀ kó lè mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tó fi ránṣẹ́ títí èsì yóò fi dé, bí ẹyọ kan bá sì sọnù lọ́nà, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ dúró dè é. UDP ni èkejì. Jon Postel kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1980, ojú-ewé mẹ́ta péré ni. Báìtì mẹ́jọ ló ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀: pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ètò nínú kọ̀ǹpútà) tó ti wá, pọ́ọ̀tù tó ń lọ, gígùn ọ̀rọ̀ náà, àti iye kan tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹrù rán awakọ̀ láti Kambolé sí Sokodé: ẹrù ti lọ nìyẹn, bó bá sì ṣe pàtàkì, ẹni tó gbà á ni yóò pè padà pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́.

Àwọn kan gbà pé ọ̀nà àìbìkítà ni UDP. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan ní Sokodé bá pe ọmọ rẹ̀ ní Lomé lórí WhatsApp, UDP ló sábà máa ń gbé ohùn náà, torí ohùn tó bá pẹ́ kó tó dé kò wúlò mọ́. Òun náà ni kọ̀ǹpútà fi ń béèrè àdírẹ́sì ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bi ara wọn léèrè iye aago, òun sì ni ìpìlẹ̀ QUIC, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021. Bí ohùn ni ìwọ̀n odò rí. Bí omi bá ń gòkè kíákíá, ìwọ̀n aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóru ló ṣe pàtàkì jù, kò sì yẹ kó há sẹ́yìn ìwọ̀n aago méjì tó sọnù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò láàyè. ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé, ní ìrántí kílóbáìtì 520 péré, ètò ìṣàkóso tó sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni FreeRTOS, tí Richard Barry bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ètò ìṣàkóso báyìí kò dà bíi ti fóònù. Ó ń pín iṣẹ́ ní ipò-ipò, èyí tí ipò rẹ̀ ga jù ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, kí iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ pẹ́ má baà pẹ́. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere lórí odò. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a fi ń wọn omi ni pé ẹ̀rọ á ju ohùn tí etí kò gbọ́ sí ojú omi, á sì ka àkókò tí gbohùngbohùn fi padà. Sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ nǹkan bí ìdá 58 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Bí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá kíkà náà dúró fún ìdá kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ìwọ̀n odò á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 17 yẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n ni yóò wà nípò gíga, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò wà nísàlẹ̀, ìlà kan yóò sì wà láàárín wọn tí iṣẹ́ ìwọ̀n ń fi nǹkan sí, tí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń mú láti inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò nìkan kò tó. Ní 1997, ọkọ̀ òfuurufú Pathfinder tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí Mars ń ṣàdédé pa ara rẹ̀, ó sì ń tún ara rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tí ipò rẹ̀ kéré di kọ́kọ́rọ́ kan mú, iṣẹ́ tí ipò rẹ̀ ga sì ń dúró dè é nígbà tí àwọn alábọ́dé ń ṣe tiwọn lọ. Ẹni tó bá ń kọ́ ẹ̀rọ odò gbọ́dọ̀ rí i pé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò di ohunkóhun tí iṣẹ́ ìwọ̀n nílò mú.

Oníbàárà UDP gan-an, ìyẹn apá ètò tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò gùn: ó ń ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ojú ihò tí ètò ń gbà bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, ó ń fi ìdì ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù kan, ó ń dúró gba èsì. Ọ̀fìn wà nínú rẹ̀ ṣá o. Bó bá ránṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó gba àdírẹ́sì tirẹ̀, òfo ni. Bí a kò bá sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi dúró de èsì, ó lè dúró títí láé, bátìrì á sì kú. Ìdì àkọ́kọ́ tilẹ̀ lè pòórá nínú ẹ̀rọ náà gan-an, bí kò bá tíì mọ ẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ìròyìn lè sọnù. Òótọ́ ni, ó sì ní ìdáhùn. Nọ́ńbà ẹ̀rọ, nọ́ńbà ìdì, àkókò, gíga omi àti agbára bátìrì kò ju báìtì 12 lọ, nígbà tí orí ìwé IP (òfin àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì) àti UDP tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ gba báìtì 28. Nítorí náà a lè kó ìwọ̀n mẹ́jọ tó kẹ́yìn sínú gbogbo ìdì láìjẹ́ pé ó tóbi. Bí ìdì mẹ́ta bá sọnù léraléra, ìkẹrin á kó gbogbo rẹ̀ dé. Ọ̀nà àtúnránṣẹ́ pàápàá ti wà nílẹ̀: CoAP, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2014 fún irú ẹ̀rọ kékeré báyìí, ń dúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó ń sọ ìdúró náà di ìlọ́po méjì nígbà kọ̀ọ̀kan, kò sì ń tún un rán ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Èyí tí kò bá lọ lẹ́yìn náà, kí a kọ ọ́ sínú ìrántí tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi padà.

Àtakò kejì ló ń kó mi láyà sókè jù. Ó rọrùn láti fi UDP parọ́ ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́. Ìkìlọ̀ èké lè mú kí gbogbo abúlé sá kúrò nílé lóru, ìgbà kejì wọn kò sì ní sá mọ́ bí omi gidi bá dé. Nítorí náà, ìdì tí kò ní àmì ìdánilójú tí a fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣe, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ ti wá rí, kí kọ̀ǹpútà tó ń gbà á jù ú nù. Àwọn mìíràn á ní kí ló dé tí a kò fi SMS ṣe é. Fún ìkìlọ̀ sí àwọn ènìyàn, mo gbà: SMS àti ìpè ló yẹ, àwọn olùyọ̀ǹda tó ń wo òpó kò sì gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti san owó SMS fún ìwọ̀n tó ń lọ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní gbogbo ọdún, lórí gbogbo afárá, ìnáwó náà á pa ètò náà kí òjò ọdún kejì tó dé.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Sokodé, àti ẹ̀yin ti Yunifásítì Kara, ẹ má fi ẹ̀kọ́ yìí mọ sórí títan iná kékeré. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ oníbàárà UDP kan parí. Kí ẹ wá yọ ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi hàn yín pé ìwọ̀n kankan kò sọnù.