Ọkọ̀ Lọ, Èrò Kù

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà. Eré tí ó fẹ́ ṣe kò pọ̀: ọkùnrin kan dúró létí odò, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ sì gbé e sọdá. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá gbéra, òun nìkan ni ó ń lọ. Ọkùnrin náà á dúró sí ojú kan, ọkọ̀ á yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi á sì gbé e mì. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi wá àṣìṣe náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó sọ fún mi pé òun yóò fi í sílẹ̀, pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti irú àwa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ó ti rí lójú ayé. Bí a bá dúró nínú ọkọ̀, pákó ọkọ̀ a máa di àtẹ́lẹsẹ̀ wa mú. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó ń fa ẹsẹ̀ wa lọ, ẹsẹ̀ sì ń fa ara yòókù. Ẹni tí zémíjàn bá ṣí lójijì pẹ̀lú rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa: ìdí á lọ, orí á fẹ́ kù sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ kí ó tó tẹ̀lé ọkọ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà, kò sí pákó, kò sí ẹsẹ̀. Nọ́ńbà ni ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ní nọ́ńbà tí ó ń sọ ibi tí ó wà. Ọkùnrin náà ní tirẹ̀. Scratch ni ọmọ náà ń lò, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn onímọ̀ MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2007. Nínú rẹ̀, ìgbà 30 ni àwòrán ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọkọ̀ àti ọkùnrin náà wà lórí 0, a sì ń fi 3 kún nọ́ńbà ọkọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1, ọkọ̀ ti dé 90. Ọkùnrin náà ńkọ́? Ó ṣì wà lórí 0, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan kún tirẹ̀. Lójú tiwa, èrò inú ọkọ̀ ni. Lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán méjì tí kò mọ ara wọn ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju àṣẹ kan lọ: iye tí a bá fi kún nọ́ńbà ọkọ̀, kí a fi kún nọ́ńbà ọkùnrin náà pẹ̀lú. Ọmọ náà kọ ọ́, ọkùnrin náà sì gúnlẹ̀. Inú wa dùn. Àfi bí ọkọ̀ ti ń padà, tí ó tún ń wọ́ ọkùnrin náà láti orí ilẹ̀ bọ̀ sínú odò! A rẹ́rìn-ín títí. A ti gbàgbé láti sọ pé *bí ó bá wà nínú ọkọ̀ nìkan*. Nígbà tí ó fi ìyẹn kún un, ó parí.

Nínú eré Super Mario Bros., tí ilé iṣẹ́ Nintendo ní Japan gbé jáde ní ọdún 1985, àwọn pákó kan wà tí ń lọ tí ń bọ̀, tí Mario ń dúró lé lórí. Àwọn àgbà oníṣẹ́ wọ̀nyẹn náà ní láti kọ ọ́ kí pákó tó lè gbé e.

Nítorí náà, kì í ṣe ọpọlọ ni ó ṣe aláìní fún ọmọ náà. Ohun tí ó hàn sí gbogbo wa débi pé a kì í sọ ọ́ lẹ́nu, òun gan-an ni a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Nísinsìnyí, ó ti fi èrò kejì kún ọkọ̀ náà: obìnrin kan tí ó ru apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ náà ń kù sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìdí rẹ̀.