Àwọn Tó Fi Orí Ru Ìbọn Àgbá

Kí ọkọ̀ tó máa fa ìbọn àgbá fún àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, orí ènìyàn ni wọ́n fi ń rù ú. Òṣùká lórí, irin lórí òṣùká, ó di ojú ọ̀nà igbó.

Ní 1897 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Frederick Lugard láti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, WAFF, tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ṣẹ̀ wá. Ìbọn tí àwọn oníbọn àgbá rẹ̀ ń lò jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olókè. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 2.95, wọ́n sì lè tú u sí wẹ́wẹ́ kí ìbaaka rù ú. Ṣùgbọ́n ìbaaka kì í pẹ́ láyé nínú igbó wa, eṣinṣin tsetse ní í kó àrùn pa wọ́n. Ni iṣẹ́ ìbaaka bá bọ́ sórí aláàárù. Ọ̀pá ìbọn yẹn nìkan ju kílò 100 lọ. Kò sí ẹni tó lè dá a rù, ńṣe ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń pawọ́ pọ̀ gbé e. Ọta kọ̀ọ̀kan tún lé ní kílò 5, òun náà ń wá orí tí yóò rù ú.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní dé, wọ́n gbé ìbọn yìí wọ Kamẹrúùnù, tó wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà náà. Ní Garua, odi àwọn Jámánì le ju agbára rẹ̀ lọ. Wọ́n ní láti mú ìbọn kan láti inú ọkọ̀ ogun ojú omi Challenger, kí wọ́n gbé e gba odò Ọya àti Bẹ́núé gòkè lọ. Àwọn Faransé náà mú tiwọn wá. Jìnnìjìnnì bo àwọn tó wà nínú odi, àwọn kan bẹ́ sínú odò tó kún, ọ̀gá wọn sì túúbá ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, 1915.

Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló wá le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1917, òjò há àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ́ ẹ̀bá odò Rufiji, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Oúnjẹ kò dé bó ṣe yẹ, àwọn kan ń wa gbòǹgbò igbó jẹ. Ebi kì í sì í sọ ẹrù di fífúyẹ́.

Ní 1944, ogun kejì gbé wọn dé àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Ìbọn ti di oní-ínṣì 3.7, ó wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ní ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n láti ibi tí ẹrù bá bọ́ sí, orí náà ni.

Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníbọn àgbá wà ní Kachia, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Lára ìbọn tí ilẹ̀ wa rà lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni Palmaria láti Ítálì, tó ń fúnra rẹ̀ rìn lórí ẹsẹ̀ irin bíi katakata. Ọta rẹ̀ kan ṣoṣo lé ní kílò 40.

Ìdílé púpọ̀, láti Ṣókótó dé Kàlàbá, ló ní bàbá ńlá tó lọ sógun Bọ́mà. “Ó ṣe ṣójà” ni wọ́n máa ń wí. Ohun tó rù kì í sí nínú ìtàn náà.

Ní Ìdúmọ̀tà, l'Ékòó, ère méjì ló dúró síbẹ̀ nígbà kan, kí wọ́n tó gbé wọn kúrò. Ṣójà Ìdúmọ̀tà ni gbogbo ayé ń pe ibẹ̀. Aláàárù ni ère kejì.